Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Olùkọ́ Wa Lọ Wo Ahoro



Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan léèrè ibi tí odò Ògùn ti ń ṣàn wá. Àwọn wọ̀nyí ni kò ní pẹ́ gba ìwé ẹ̀rí láti máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Méjìlélógójì ni wọ́n jókòó níwájú mi. Ẹni mẹ́ta dáhùn pé apá Ṣakí ni. Ẹnì kan wí pé Abẹ́òkúta ni. Àwọn yòókù gbójú sókè, wọ́n ń wo òrùlé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Òkè-Ògùn, tí a fi odò náà gan-an sọ ilẹ̀ wọn lórúkọ. Omi tí ilé-iṣẹ́ omi Adíyàn ń pín fún àwọn ará Èkó, láti inú odò yìí kan náà ni wọ́n ti ń fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n léèrè odò Thames, kò sí ẹnì kan tí kò mọ ìlú tí ó là kọjá.

Èmi kò kọ èyí láti fi àwọn ọmọ náà ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀bi àwa tí a kọ́ wọn ni. Èmi tìkára mi, tí a bí sí Ìlérò, tí mo sì dàgbà níbẹ̀, mo ti wo ilé ìṣọ́ àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù kí n tó fi ẹsẹ̀ tẹ Òkèhò Ahoro, tí kò jìnnà sí ilé baba mi. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí nígbà náà. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ níhìn-ín kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé mo ń yọ ìtì igi ojú ẹlòmíràn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń gba Òkèhò kọjá wá sí Ìlérò ni kò mọ̀ pé ìlú tí wọ́n ń rí kì í ṣe ìlú ti àkọ́kọ́. Lórí òkè ni Òkèhò wà tẹ́lẹ̀. Ìletò mọ́kànlá, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti í kà wọ́n, ni ó parapọ̀ síbẹ̀ nígbà tí ogun Dàhòmì àti ogun Fúlàní kò jẹ́ kí ẹni tí ń gbé pẹ̀tẹ́lẹ̀ sùn. Àpáta ni odi wọn, ọ̀tá kò sì rí wọn kó. Ní 1916 ni àwọn ènìyàn Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí ìjọba òyìnbó àti sí àwọn tí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọ̀ràn kóòtù ìbílẹ̀ àti ètò ìjọba tí a gbé lé wọn lórí láìbi wọ́n. A pa ọba, a pa ìjòyè. Ọmọ ogun ìjọba dé, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bọ́. Nígbà tí ó di 1917, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí ojú yóò ti máa tó wọn. Ohun tí Dàhòmì kò lè ṣe fún wọn, bébà kan láti ọ́fíìsì ni ó ṣe é.

Fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí láti ojú pátákó. Wọ́n kọ ọdún rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n há a sórí, wọ́n yege nínú ìdánwò, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ kó wọn lọ sí orí òkè náà, a rí àpáàdì lábẹ́ koríko, a sì rí ojú ọlọ tí àwọn obìnrin àtijọ́ gbẹ́ sínú àpáta. Ọmọbìnrin kan nínú wọn kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ rẹ̀ bọ inú rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹni tí ó lọ ọkà títí àpáta fi jinlẹ̀ báyìí, báwo ni a ṣe sọ fún un pé kó dìde kó máa bọ̀ nílẹ̀?” Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tí ó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí nínú yàrá ẹ̀kọ́. Èmi náà kò sì rí èsì fún un títí a fi délé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wí pé kò yẹ kí a fún olùkọ́ kankan ní ìwé ẹ̀rí ní ilẹ̀ yìí bí kò bá tíì fi ojú ara rẹ̀ rí ó kéré tán ibi mẹ́ta tí àwọn baba wa ti gbé tàbí tí wọ́n ti jà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní owó ọkọ̀ ńkọ́? Èmi náà bi wọ́n pé, owó aṣọ ẹgbẹ́ tí a ń dá nígbà ìkẹ́kọ̀ọ́-jáde ńkọ́?

Àtakò tí ó wúwo jù kò ti ọ̀dọ̀ owó wá. Nígbà tí a ń múra àtilọ sí Ìgbòho, ìyá ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tọ̀ mí wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú o. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Igbó Ọba. Ibi òkú àti ibi òrìṣà ni. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gun orí àga ìwàásù, ṣé ẹ̀yin ni yóò mú ọmọ mi lọ bá ohun tí mo ti fi ilé baba mi sílẹ̀ nítorí rẹ̀?” Èmi kò fi ọ̀rọ̀ ìyá náà ṣeré. Ẹni tí ó ti san ohun kan nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni, irú wọn ni ó kọ́ àwọn ìjọ wa.

Mo rán an létí Jóṣúà, tí ó ní kí a gbé òkúta méjìlá láti inú odò Jọ́dánì kí àwọn ọmọ lè béèrè ìtumọ̀ wọn lọ́jọ́ iwájú. Mo rán an létí Pọ́ọ̀lù ní Átẹ́nì, ẹni tí ó kọ́kọ́ rìn káàkiri ìlú, tí ó wo àwọn pẹpẹ wọn fínnífínní, kí ó tó la ẹnu rẹ̀ wàásù fún wọn. Ẹni tí ó wo nǹkan kò bọ ọ́. Mo sì wí fún un pé aláṣọ dúdú bí tèmi ni ó pa ìtàn àwọn ọba Ìgbòho mọ́ fún wa: Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, tí ìwé náà sọnù lọ́dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé ní ìlú òyìnbó, tí òun fúnra rẹ̀ kú ní 1901, tí Dókítà Obadiah àbúrò rẹ̀ sì tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, títí ó fi jáde ní 1921. Bí ọkùnrin Ọlọ́run náà bá ti ka ọ̀rọ̀ àwọn Aláàfin sí ohun àìmọ́, kí ni à bá mọ̀ lónìí nípa Òfinràn, Eégúnojú, Ọ̀rọ́ńpọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé, àwọn mẹ́rin tí a sin sí Ìgbòho? Ìyá náà ní òun yóò gbàdúrà sí i. Ọmọ rẹ̀ kò bá wa lọ lọ́dún náà. Ó bá wa lọ lọ́dún kejì.

Ní Ìgbòho yìí kan náà ni ìtàn kan ti wáyé tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn tí ń bẹ̀rù ahoro. Àwọn Tápà ni wọ́n lé àwọn Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Nígbà tí ó pẹ́ tí wọ́n ti wà ní Ìgbòho, Aláàfin Abípa pinnu láti kó ìlú padà síbi tí baba wọn ti ṣí wá. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Oko wọn ti gbó, ilé wọn ti tura. Wọ́n yan abuké, wọ́n yan àfín, wọ́n yan aràrá àti arọ, wọ́n sì rán wọn lọ sí orí òkè Ajàká ní Ọ̀yọ́-Ilé, kí wọ́n máa gbé iná kiri lóru, kí wọ́n sì máa ké bí iwin, kí àwọn tí ọba bá rán lọ wo ilẹ̀ lè sá padà. Wọ́n sá padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tú sí ọba lọ́wọ́, ó sì rán àwọn ọdẹ lọ. Àwọn ọdẹ kó gbogbo iwin náà wálé lọ́wọ́ kan, ọba sì mú wọn jáde lójú àwọn olówó wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀. Bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan, ìbáà ṣe oníwàásù, ń fi iwin ahoro dẹ́rù ba ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, mo máa ń fẹ́ mọ̀ ẹni tí ó rán an.

Ẹ̀rù mìíràn wà tí kì í ṣe ti iwin. Ọ̀nà Ọ̀yọ́-Ilé kò rọrùn mọ́. Ní ọdún wọ̀nyí àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀pọ̀ igbó ilẹ̀ wa di ibi tí baba kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ, èmi kò sì ní pe ẹni tí ó bẹ̀rù wọn ní ojo. Ọgbà ìjọba tí Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀ fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Igbó ọba ni ní 1936 àti 1941, ó di igbó ẹranko ní 1952, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991. Ẹ kíyèsí i pé igi àti ẹranko ni a kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ fún. Mo fẹ́ kí ẹfọ̀n àti ìgalà máa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìlú tí Clapperton wọ̀ ní oṣù kìíní 1826, tí ó kà ẹnubodè mẹ́wàá sí lára odi rẹ̀, tí Aláàfin àti ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ṣì ń gbé inú rẹ̀, tí ó sì di ahoro kí 1840 tó pé, ìlú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a fi ń kún ìtẹ́ ẹranko. Abípa rán ọdẹ. Kí ìjọba wa náà rán ọdẹ tí ó tó, kí ó fún wọn ní ọkọ̀ àti owó oṣù tí ó bá ewu iṣẹ́ wọn mu, nígbà náà ni kí wọ́n tó wá pe àwọn àlejò láti òkè òkun.

Nítorí òkè òkun ni a sábà ń wò. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo di ohun tí gbogbo ayé kà sí ogún wọn ní 2005. Ẹni tí ó ṣe làálàá jù láti gbà á lọ́wọ́ àwọn agégi àti àwọn tí ń ta ilẹ̀ ni Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria, tí ó dé ilẹ̀ wa ní 1950, tí ó sì kú sí Òṣogbo ní 2009. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ tí ó ràn án lọ́wọ́. Ojú sì tì mí díẹ̀.

Ní ti Adó-Àwáyè, n kò ní fi gùn yín, nítorí òun nìkan ni àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń lọ láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń gun àkàsọ̀ rẹ̀, tí àwọn afinimọ̀nà ní ó jẹ́ 369, wọ́n ń ya àwòrán létí adágún Ìyáké, wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní adágún orí òkè méjì péré ni irú rẹ̀ wà láyé, pé èkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Èmi kò bá wọn jà lórí iye. Ohun tí mo ń bi wọ́n ni pé, lára ẹ̀yin tí ẹ ya àwòrán, ta ni ó jókòó ti àgbà kan nísàlẹ̀ òkè, tí ó sì béèrè ìdí tí a fi ń pe ibi tóóró kan lókè níbẹ̀ ní Ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run? Àwọn àgbà náà kò ní dúró dè wá títí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ Ẹgbẹ́ wa pé kí a tẹ ìwé kékeré kan ní èdè wa, olówó pọ́ọ́kú, tí yóò sọ ibi tí ahoro kọ̀ọ̀kan wà, ẹni tí a ó kọ́kọ́ kí nílùú kí a tó wọ̀ ọ́, àti ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn tàbí kó lọ sílé. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì: mo ti rí àpáàdì Òkèhò lórí tábìlì ẹnì kan ní Ìbàdàn, ó ń fi í tẹ bébà mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé Ọjọ́ Àjíǹde, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò tún gun Òkèhò Ahoro. A ó kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà Òkèhò ní agogo méje òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó kọ̀wé sí Akọ̀wé Ẹgbẹ́. Kí ó mú omi àti bàtà tí ó le dání, àti ìwé tí yóò fi kọ ohun tí ó bá gbọ́.