Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀rọ Wa Wà?

Ẹ̀yin ọba wa àti ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé àti ẹ̀yin onílé gbogbo ní Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí iwájú yín ní oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé ní etí àgbà, nítorí pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wò ó dé gbòǹgbò yóò rí i pé ọ̀rọ̀ owó wa ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa ni, ọ̀rọ̀ òmìnira wa sì ni pẹ̀lú. Ohun tí a fẹ́ bi ara wa kò ju ọ̀kan lọ: nígbà tí a bá ti san owó ẹ̀rọ kan tán, tí a sì gbé e wá sí ilé, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé iṣẹ́ Microsoft ti Amẹ́ríkà dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí a ṣe ṣáájú ọdún 2017, nítorí pé ó ń béèrè ohun kan tí a ń pè ní TPM 2.0 àti irú ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò sí nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó mọ ọjà wa tí kò mọ̀ pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ wa ń gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ ṣì le, tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀, ni a wá sọ di arúgbó ní ọ̀sán gangan, kì í ṣe nítorí pé ó kú, bí kò ṣe nítorí pé ẹni tí ó wà ní òkè òkun ti sọ pé ìgbà rẹ̀ ti kọjá.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Helsinki, Linus Torvalds ni orúkọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọkàn ètò kan tí a ń pè ní Linux, ó sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Ní ọdún 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé irú rẹ̀ kan jáde tí ó fi ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ìhà gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà sọ ní Ubuntu, èyí tí í ṣe ìwà ọmọ ènìyàn sí ọmọnìkejì rẹ̀. A kì í san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àgbà tí Windows 11 kọ̀ sílẹ̀. Ó sì gba èdè wa: lára àwọn ètò bọ́tìnnì tí ó wà nínú rẹ̀ ni ti Yorùbá wà, tí a lè fi tẹ ẹ, ọ àti ṣ láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Kí ni ó dé tí a kò fi rí i káàkiri? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi Linux sí ẹ̀rọ rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, ohùn ń jáde, ìwé ń ṣí, ṣùgbọ́n Wáìfáì kò fò. Kò rí orúkọ ìkànnì kankan. Ó gbé e tọ àwọn atúnẹ̀rọṣe lọ, wọ́n mi orí, wọ́n ní, “Linux kì í gba Wáìfáì.” Wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, wọ́n fi Windows tí a jí gbé sí i, wọ́n sì gba owó. Ẹ̀yin ará wa, a kò bá oníṣẹ́ kankan jà, nítorí pé oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n a kò lè ṣàì sọ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ yìí kì í ṣe òtítọ́. Dókítà tí ó gé ẹsẹ̀ aláìsàn nítorí pé ẹ̀gún gún un kò wo àìsàn kankan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé. Káàdì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí í máa gba ìró láti inú afẹ́fẹ́ láìlo wáyà. Èdè tí káàdì yìí ń sọ yàtọ̀ sí èdè ọkàn ẹ̀rọ, nítorí náà ògbufọ̀ ni láti wà láàrin àwọn méjèèjì. Ògbufọ̀ yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní dráífà. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ káàdì tún ń béèrè ìwé ìlànà kékeré kan, tí a ń pè ní fámúwíà, èyí tí a gbọ́dọ̀ kì bọ inú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá jí. Bí ògbufọ̀ kò bá sí, tàbí bí ìwé náà kò bá dé, káàdì yóò wà níbẹ̀ bí akéde tí kò ní agogo. Kò kú, a kò rán an ní iṣẹ́ ni.

Gbogbo alángbá ni ó da inú dé ilẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nítorí náà, ìwádìí ni ó kọ́kọ́ tọ́, ìwádìí náà kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí a bá tẹ àṣẹ rfkill list, ẹ̀rọ yóò sọ bóyá ẹnìkan ti ti ìlẹ̀kùn káàdì náà pa láti ara bọ́tìnnì tàbí láti inú ètò. Ọ̀pọ̀ àìsàn ni ó parí síbẹ̀. Bí a bá tẹ lspci -nnk, ẹ̀rọ yóò dá orúkọ káàdì, nọ́ńbà rẹ̀ àti ògbufọ̀ tí ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a ń kì bọ ojú USB, lsusb ni yóò dá orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Bí a bá sì tẹ sudo dmesg, a ó ka ohun tí ọkàn ẹ̀rọ ń sọ láti ìgbà tí ó ti jí, níbẹ̀ ni yóò sì ti jẹ́wọ́ pé òun wá ìwé fámúwíà báyìí báyìí, òun kò rí i. Ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀! Àwa ni a kò kọ́ àwọn ọmọ wa láti tẹ́ etí.

Nígbà tí a bá ti mọ orúkọ àìsàn, oògùn kò ṣòro mọ́. Lórí Debian, firmware-iwlwifi ni ti àwọn káàdì Intel, firmware-realtek ni ti Realtek. Lórí Ubuntu, linux-firmware ni ó kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jọ. Bí ó bá jẹ́ dráífà tí a kọ sẹ́yìn ètò ni, kí a rántí pé ó lè sọnù nígbà tí ọkàn ẹ̀rọ bá di tuntun, àfi bí a bá gbà á ní irú tí ń tún ara rẹ̀ kọ́. Kí a sì rántí pé ẹ̀ṣọ́ kan tí ń jẹ́ Secure Boot lè lé e padà ní ẹnu ọ̀nà bí kò bá ní òǹtẹ̀.

Ẹnìkan yóò wí pé, “Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni oògùn náà wà, bẹ́ẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì gan-an ni a ń wá.” Òtítọ́ ni, ìdẹkùn yìí sì ni ó ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí ó wà ní àpò ọmọ náà ni ó lè já a. Bí ó bá fi okùn USB so fóònù Android rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, tí ó sì yàn án pé kí fóònù pín dátà rẹ̀ láti ara okùn, Linux yóò gbà á bí ẹni gba wáyà, láìbéèrè ìwé fámúwíà ti káàdì. Owó dátà tí fáìlì náà yóò jẹ kò tó owó tí a ń san fún ẹni tí yóò fi ohun olè sí ẹ̀rọ wa.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a yí ojú sí ẹni tí ó fa wàhálà yìí. Kí ni ó dé tí ìwé fámúwíà kò fi sí nínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀? Nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń ṣe káàdì di ìmọ̀ rẹ̀ mọ́ àyà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ Broadcom kò fún àwọn oníṣẹ́ Linux ní ìwé káàdì rẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Àwọn kan yẹ iṣẹ́ ògbufọ̀ tí ilé iṣẹ́ náà ṣe wò fínnífínní, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Àwọn mìíràn tí kò fi ojú kan iṣẹ́ náà rí gba àkọsílẹ̀ yìí, wọ́n sì fi kọ ògbufọ̀ tuntun, èyí tí ó wọ inú Linux ní ọdún 2006. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, Broadcom fúnra rẹ̀ gbé ògbufọ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ jáde fún àwọn káàdì rẹ̀ tuntun. Àwọn Debian pẹ̀lú, tí wọ́n ti kọ̀ láti fi ìwé àdìmọ́ sínú ohun tí wọ́n ń pín, dìbò ní ọdún 2022, Debian 12 sì dé ní oṣù kẹfà ọdún 2023 pẹ̀lú fámúwíà nínú rẹ̀, kí aláìní má baà jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ọlọ́jà. Àwa ọmọ ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìjàkadì kò ha mọ̀ pé ẹni tí ó bá mọ ibi tí a ti ń di ènìyàn mú ni í dá a bí?

Alágbẹ̀dẹ wa kì í ta ọkọ́ fún àgbẹ̀ kí ó tún wí pé àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ bí ó bá ṣẹ́. Ohun tí a bá ti rà ti di tiwa. Ẹni tí ó gba owó wa tí ó sì pa ìmọ̀ ohun tí ó tà mọ́, kò tà á. Ó yá wa ni.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá wa lóhùn. Wọ́n á ní Windows yá ju èyí lọ. Ó yá lónìí. Ṣùgbọ́n èyí tí a jí gbé máa ń gbé kòkòrò wọlé, kò sì sí ẹni tí a lè ké pè nígbà tí ó bá jẹ iṣẹ́ ọdún mẹ́rin akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á ní iṣẹ́ ọ́fíìsì kò ṣeé ṣe lórí Linux. LibreOffice wà níbẹ̀ ní ọ̀fẹ́, ó sì ń ṣí ìwé Word. Wọ́n á tún ní àwọn káàdì kan wà tí kò gbọ́ràn rárá. Òótọ́ ni, a kò ní purọ́ fún yín. Fún irú wọn, kí a ra káàdì USB kékeré tí olùṣe rẹ̀ lawọ́, bí irú èyí tí ó ní AR9271 ti Atheros nínú, tí dráífà rẹ̀ àti fámúwíà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Ǹjẹ́ kí ni kí a ṣe? Ní ọdún 1943, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kò kárí, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọ̀fà, tí a mọ̀ sí Offa Descendants' Union, kò jókòó de ìjọba. Wọ́n dá Offa Grammar School sílẹ̀. Ẹ̀mí yẹn ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún lónìí. Ìlú tí ó ní Federal Polytechnic láti ọdún 1992, tí ó sì ní Summit University láti ọdún 2015, kò yẹ kí ó máa tọrọ ẹni tí yóò tú ẹ̀rọ rẹ̀.

Èkíní, kí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà máa béèrè orúkọ káàdì Wáìfáì inú rẹ̀ kí ó tó san owó, kí ó sì kọ èyí tí olùṣe rẹ̀ di ẹnu rẹ̀ pa. Èkejì, kí a kó àwọn fámúwíà pàtàkì sí ojú kan ní ilé ìkàwé, kí ọmọ tí kò ní dátà lè wá dà wọ́n kọ sórí fláàṣì láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwọn olùkọ́ fi Yorùbá kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà kan tí kò ju ojú ewé mẹ́wàá lọ, lórí bí a ti ń bi ẹ̀rọ léèrè àti bí a ti ń gbọ́ èsì rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀yin ìjòyè fi ọlá fún ọmọ tí ó bá wo ẹ̀rọ sàn bí ẹ ti ń fi fún ẹni tí ó ra ọkọ̀ tuntun.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀rọ tí kò rí ìkànnì nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan lónìí lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ìran tí ó bá kọ́ pé ohun tí ó bàjẹ́ kò ní àlàyé, pé ẹlẹ́ni tí ó jìnnà nìkan ni ó lè tún un ṣe, yóò gbé ẹ̀kọ́ náà dé ibi iná mànàmáná, dé ibi omi, dé ibi ìṣàkóso ìlú. Kí a kọ́ wọn pé ohun gbogbo tí ènìyàn ṣe, ènìyàn lè tú u wò. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yóò padà sí ọwọ́ onílé.