Ta Ni Yóò Bi Ẹni Tó Ń Bi Òrìṣà?

Lọ́tẹ̀ yìí, ara mi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, kò sì dùn mọ́ mi.

Ilé wa fẹ́ yan mọ́gàjí tuntun. Ẹni méjì ló dìde sí i. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi gan-an. Èkejì wá láti ojúlé kejì. Wọ́n ní kí n bi òrìṣà. Mo wọ ojúbọ lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Mo da obì lórí orúkọ ọmọ wa, kò yàn. Mo tún un dà, kò yàn. Ọwọ́ mi ti ń lọ sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo sì ti mọ ohun tí n ó sọ fún wọn níta: "Òrìṣà ti gbà á."

Àfi kọ̀ kọ̀ kọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àgbà obìnrin kan nínú àwọn ọmọ-osú ilé wa ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Obì tí a ò rí, báwo la ṣe máa jẹ́rìí ẹ̀?" Inú bí mi. Àmọ́ ohun tó ń bí mi nínú gan-an ni pé òótọ́ ló sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe àwọn ọmọ jọ, mo sọ ìtàn Baṣọ̀run Gáà fún wọn.

Ní Ọ̀yọ́ Ilé, èkejì òrìṣà ni Aláàfin, ṣùgbọ́n kò lè dá ìlú ṣe. Ọ̀yọ́ Mèsì méje wà, Baṣọ̀run ni olórí wọn. Lọ́dún Ọ̀run, Baṣọ̀run ló ń da obì láti mọ̀ bóyá ọ̀run ṣì ń gba ẹbọ ọba. Bí ọba bá wá di aninilára, wọ́n á gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ lọ bá a. Ọba tó bá ti rí i mọ̀ pé ayé àtọ̀run ti kọ òun. Ó gbọ́dọ̀ wàjà. Ìyẹn ni pé oyè kì í ṣe ti ọlọ́yè nìkan. Ẹni tó bá fi ni àwọn èèyàn lára, àṣẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ètò tó dára ni. Gáà ló bà á jẹ́. Láti 1754 tó ti di Baṣọ̀run, ọba mẹ́rin ló wàjà kó tó kan Abíọ́dún. Ó fi àwọn ọmọ ẹ̀ sí ìlú káàkiri, àwọn ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kó wọ ààfin, wọ́n sì ń fi ojú àwọn èèyàn gbolẹ̀. Ohun tí àwọn bàbá wa ṣe láti fi gba aráàlú lọ́wọ́ ọba, òun ló sọ di ohun ìjà ara ẹ̀. Abíọ́dún fi sùúrù bá a gbé títí òun àti Ọyábí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, fi ṣẹ́gun ẹ̀ ní 1774. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi ń wí pé: bí o láyà, kó o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kó o ṣòótọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa. Obì ni Gáà mú lọ́wọ́, obì lèmi náà mú lọ́wọ́. Ìlú tóbi ju agbo ilé lọ, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni: kéèyàn gbé ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ sí òrìṣà lẹ́nu.

Mo ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn. A pa obì tuntun ní gbangba, tọkùnrin tobìnrin, olójúlé kìíní àti olójúlé kejì ló rí i. Ọmọ ojúlé kejì ló yàn. Òun ni mọ́gàjí wa lónìí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé àrékérekè ló fi jẹ ẹ́. Àmọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹun nílé mi mọ́. Ìyẹn ń dùn mí. Mo mọ̀ pé ì bá dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní mo purọ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n gbé ojúbọ lé lọ́wọ́, tọ́rọ̀ bá jẹ́ ti gbogbo ilé, ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé rí i. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè, àmọ́ ẹ béèrè. Òrìṣà kì í bẹ̀rù ìbéèrè. Àwa èèyàn là ń bẹ̀rù ẹ̀.

Kí orí wa má gbàbọ̀dè. Àṣẹ.