Ẹ Má Fi Kílò Ta Lọ́rì 911 Yẹn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí kò jẹ mọ́ ìdánwò, kò sì jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ lọ́rì ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kẹ́ ẹ wá kà á dópin.

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba ọ̀nà Oǹdó wá sí ilé ìwé lẹ mọ lọ́rì Mercedes 911 tó wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì yẹn. Imú rẹ̀ yọ síwájú, pákó ni gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ "Ìgbà Ò Lọ Bí Òréré" sí iwájú orí rẹ̀. Bàbá tó ni ín ti kú. Àwọn ọmọ bàbá ò sí nílé, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi lọ́rì ṣe. Ní Sátidé méjì sẹ́yìn, àwọn tó ń ra irin àlòkù wá yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní kílò kílò làwọn máa fi rà á, pé àwọn á fi iná gáàsì gé e sí wẹ́wẹ́, á sì dèrò ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Àwọn ọmọ bàbá ti fẹ́ gbà. Oṣù kan péré ni wọ́n fún mẹkáníìkì pé kó fi wá ẹni tó máa rà á lódindi. Oṣù náà ti ń lọ.

Èrò tèmi rèé: kò yẹ kí lọ́rì yẹn lọ. Mo sì máa sọ ìdí rẹ̀.

Àwa mẹ́rin láti SS 2 la máa ń lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn àgbà mẹ́ta la máa ń bá níbẹ̀: bàbá mẹkáníìkì fúnra wọn, bàbá awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, àti bàbá káfíńtà kan tó ń kan ara lọ́rì nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn o. Ìfẹ́ lọ́rì ló kó wọn jọ. Bí wọ́n bá ti jókòó, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Bàbá awakọ̀ á ní kò sí lọ́rì bíi Bedford láyé yìí. Bàbá mẹkáníìkì á ní, "Bedford tẹ́ ẹ máa ń tì lórí òkè?" Káfíńtà á ní òun ò mọ èyí tó dáa jù nínú méjèèjì, pé pákó òun ló gbé ẹrù. A máa ń rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn wá.

Nínú àríyànjiyàn yẹn ni mo ti kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi rí. Ọdún 1931 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bedford ní ìlú Luton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1959 ni irú èyí tí wọ́n ń pè ní TK jáde, ọdún yẹn kan náà sì ni Mercedes gbé ìdílé lọ́rì onímú kúkúrú tirẹ̀ jáde ní Jámánì. Inú ìdílé yẹn ni 911 wà. Nọ́ńbà yẹn ní ìtumọ̀ o: 9 ni iye tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lè wọ̀n pa pọ̀, 11 sì dúró fún agbára ẹṣin 110. Ṣé ẹ rí i? Mo ti ń pe 911 láti kékeré, mo rò pé orúkọ lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bi ara wa: kí ni lọ́rì ṣe fún Ilé-Ifẹ̀? Ojú irin dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, ó sì dé Òṣogbo lọ́dún 1907. Kò gba Ilé-Ifẹ̀ kọjá. Báwo wá ni kòkó àwọn baba ńlá wa ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rà á? Ẹsẹ̀ àti orí ló kọ́kọ́ rù ú, lẹ́yìn náà ni lọ́rì dé. Láti Ìfẹ̀tẹ̀dó, láti Olóde, láti àwọn abúlé tí a ò mọ orúkọ wọn, lọ́rì ló ń kó àpò kòkó jáde. Agbégilódò ló ń wọ́ gedú jáde nínú igbó. Bọ́lẹ́kájà ló ń gbé àwọn ìyá àgbà wa lọ sọ́jà: wọn á jókòó kojú sí ara wọn lórí bẹ́ńṣì pákó, orúnkún á máa kan orúnkún, ìjà ò sì ní pẹ́ dé. Ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá: bọ́ọ́lẹ̀ ká jà! Bàbá awakọ̀ sọ fún wa pé iṣẹ́ tí òun kọ́kọ́ ṣe ni ọmọ ọkọ̀. Bí lọ́rì bá ń gun òkè tí kò lè gùn ún mọ́, òun lòun máa ń fò sílẹ̀ pẹ̀lú ìtì igi, òun á fi há ẹ̀yìn táyà kó má baà yí padà sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n nígbà náà. Èmi ti pé mẹ́rìndínlógún, mi ò sì tíì há nǹkan kan rí.

Irin lọ́rì máa ń ti òkè òkun wá, àmọ́ ara rẹ̀, níbí ni wọ́n ti ń kàn án. Káfíńtà wa ló ń la ìrókò, tó ń kàn án mọ́ ṣáàsí. Ayàwòrán wa ló ń kọ òwe sí i lára. Nígbà tó yá, Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ sí í to lọ́rì pọ̀: Mercedes ní Emene lẹ́bàá Enugu, Leyland ní Ìbàdàn, Steyr ní Bauchi. Nítorí náà, ẹni tó bá pe lọ́rì yẹn ní pàǹtí òyìnbó, kò tíì wò ó dáadáa.

Ìdí kejì ni ẹ̀kọ́. Ní Sátidé kan, lọ́rì náà kọ̀, kò jí. A yí kọ́kọ́rọ́ títí, ẹ́ńjìnì ń yí, kò gbiná. Bàbá mẹkáníìkì bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ta ló ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnì dísù?" Ọ̀kan nínú wa ní púlọ́ọ̀gì ni. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní dísù ò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Písítìn ló ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ inú sìlíńdà títí afẹ́fẹ́ yẹn á fi gbóná janjan. Bí epo bá ti fọ́n sínú ooru náà, á gbiná fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi póm̀pù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí, tó fọwọ́ kan ìdí póm̀pù, á mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá fún pọ̀ máa ń gbóná. Olùkọ́ wa ti sọ èyí ní kíláàsì físíìsì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo gba máàkì, mi ò sì mọ̀ pé ó ń gbé lọ́rì rìn.

Bàbá ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù epo. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ni póm̀pù á máa fún dípò epo, epo ò sì ní lágbára láti fọ́n jáde. Wọ́n ní kí n tú nọ́ọ̀tì kékeré kan díẹ̀, kí ẹnì kejì mi máa fi ọwọ́ tẹ póm̀pù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Epo ń jáde, ó ń hó bí ọṣẹ. Wọ́n ní ká má dúró. A tẹ̀ ẹ́, a tẹ̀ ẹ́, títí fófó fi tán, tí epo tó mọ́ gaara wá ń ṣàn. A dè é pa. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ó dún! Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, àwọn adìẹ sá. Sípánà kan ṣoṣo la lò. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ ayé òde òní wo la lè tú báyìí, ká fojú wa rí ohun tó ń ṣe é? Kọ̀ǹpútà ló pọ̀ nínú wọn, bí kò bá sí kọ̀ǹpútà míì tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ óò kàn máa wò ó ni. 911 dà bí ìwé tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Àmọ́ àwọn tó lè kà á fún wa ti ń dàgbà. Bí wọ́n bá gé ìwé náà sí wẹ́wẹ́ lóṣù yìí, kí ni bàbá máa fi kọ́ wa lóṣù tó ń bọ̀?

Ìdí kẹta: ṣebí ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ni wá? Lọ́dún 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń yìn lónìí. Ká ní wọ́n fi kílò ta wọ́n fún alágbẹ̀dẹ ńkọ́? Irin Ògún Ládìn wà láàfin títí dòní, kò sẹ́ni tó gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni mo ń sọ o. Mò ń sọ pé ìlú yìí mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irin. Ní Èkó, ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní 1976 wà ní mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn. Ní Umuahia, àwọn ọkọ̀ ogun tí àwọn Biafra fọwọ́ ara wọn ṣe wà níbẹ̀ tí èèyàn ń wò wọ́n. Ọkọ̀ olórí ìjọba àti ọkọ̀ ogun la tọ́jú. Ọkọ̀ tó gbé kòkó tó rán àwọn òbí wa níléèwé ńkọ́? Àwọn ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe Bedford, láti 1962 ni àwọn olólùfẹ́ lọ́rì àtijọ́ ti ń wà á láti London lọ sí Brighton lọ́dọọdún, tí èrò á máa pàtẹ́wọ́ fún wọn lójú ọ̀nà.

Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ní lọ́rì àtijọ́ ń pààyàn, pé bíréèkì wọn kì í mú, pé agbégilódò ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di aláìlóbìí. Òótọ́ ni, mi ò lè jiyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ níbí, wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1977, nígbà tí Ifẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ikú ojú pópó ò ṣàjèjì sí wa. Àmọ́ mi ò sọ pé kí wọ́n di gedú lé 911 yẹn, kí wọ́n máa sáré lọ sí Oǹdó. Mo ní ká tọ́jú rẹ̀ ká fi kọ́ṣẹ́. Ìgbà tí bàbá tú bíréèkì rẹ̀ fún wa ni mo tó mọ̀ pé rọ́bà kékeré kan tí kò ju owó ẹyọ lọ, tó bá ti gbó, ẹ̀mí gbogbo èrò ọkọ̀ wà nínú ewu. Bàbá ní, "Ọkọ̀ ò mọ ẹni tó ń pa. Ẹni tó mọ̀ pé bíréèkì ò dáa tó tún wà á, òun lapànìyàn." Ọmọ tó bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ò ní dá awakọ̀ lóhùn tó bá ní "kó o wọlé, Ọlọ́run wà ńbẹ̀."

Àwọn míì ní iṣẹ́ ẹlẹ́gbin ni, pé àwọn tí ò mọ̀wé ló ń ṣe mẹkáníìkì. Màámi náà bínú nígbà tí gíríìsì ta sí yúnífọ́ọ̀mù mi, mo sì tọrọ àforíjì, torí ẹ̀bi mi ni. Mo ti ń wọ àkísà lọ báyìí. Àmọ́ ẹni tó ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì tó sì mọ sìlíńdà tí kò ṣiṣẹ́ nínú mẹ́fà, ẹ má pè é ní aláìmọ̀wé lójú mi. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà àwọn bàbá yẹn ni mò ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má sun níná.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo bẹ̀. Èkíní, kí ọ̀gá ilé ìwé wa bá wa kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ bàbá olóògbé pé kí wọ́n fún wa ní àkókò díẹ̀ sí i, ká lè wá ẹni tó máa rà á lódindi tàbí ibi tí wọ́n lè gbé e sí. Èkejì, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ká máa lọ síbẹ̀ ní Sátidé pẹ̀lú olùkọ́ kan, kó má jẹ́ pé a ń yọ́ lọ. Ẹ̀kẹta, bí lọ́rì bá tilẹ̀ lọ, kí ẹgbẹ́ oníròyìn wa ya àwòrán rẹ̀, ká sì gba ohùn àwọn bàbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ìyẹn ò ná wa ní kọ́bọ̀.

Mo fi bébà funfun kan lẹ̀ sí abẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Ẹni tó bá gbà pẹ̀lú mi, kó kọ orúkọ àti kíláàsì rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ò bá gbà, kó kọ ìdí rẹ̀. Mo ṣe tán láti kà á. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ yà wo lọ́rì náà lọ́la bẹ́ ẹ bá ń lọ sílé. Ẹ kí bàbá mẹkáníìkì dáadáa, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n bá yín jí i. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn rẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé kílò mélòó ni.

— Ọmọ ẹgbẹ́ oníròyìn kan, SS 2