Kí Ẹ Tó Gba Kọ́kọ́rọ́ Ilé Titun

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn òǹkàwé wa, pàápàá àwọn tọkọtaya tó ti ń san owó ilé fún onílé láti ọdún pípẹ́, ti ń bèèrè pé kí a sọ̀rọ̀ lórí ríra ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ìbéèrè náà tọ́, ó sì tó àkókò.

Ní ayé àwọn baba wa, ènìyàn a ra ilẹ̀, a fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, a sì máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba ọdún 10 kí ó tó kan òrùlé. Ṣùgbọ́n onílé mọ iye àpò sìmẹ́ǹtì tó wọ inú rẹ̀, ó mọ bíríkìlà tó to búlọ́ọ̀kù, ó sì mọ ibi tí omi máa ń gbà kọjá nígbà òjò. Lóde òní, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ pé kí wọ́n kọ́ ilé kí wọ́n sì tà á. Ẹni tó bá rà á yóò bá ọ̀dà tó ń dán, táìsì tó ń kọ mọ̀nà àti géètì dúdú. Ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà kò hàn sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí pé ilé jẹ́ titun, kò yẹ kí ó nílò àyẹ̀wò púpọ̀. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òótọ́. Ilé àtijọ́ ti la òjò púpọ̀ kọjá, àbùkù rẹ̀ ti jáde síta. Ilé titun kò tíì rí òjò kan ṣoṣo.

Àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n máa ń pè láti wá ya ilé titun sí mímọ́. A máa ń lọ, inú wa a sì máa dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n pè wá ni a kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ra ilé, owó sì ti lọ tán. Bí a bá bèèrè pé, “Ṣé ẹ ti yẹ ìwé rẹ̀ wò?” wọn a ní, “Pásítọ̀, a ti gbàdúrà sí i.” Àdúrà dára, àwa náà kò ní dákẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, òróró tí a fi yan ilẹ̀kùn kò sọ ọ́ di ti ẹni tó rà á.

Ìwé ni a ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé, nítorí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń ṣègbé. Láti 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti dé, ọwọ́ gómìnà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà wà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. C of O tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ejẹ́ǹtì, ìwé ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ni, ọdún 99 ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Bí ẹni tó ni C of O bá ta ilé fún yín, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Òfin yẹn kan náà ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ẹ̀tọ́ náà tó lè kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á bọ́ sí ọwọ́ ẹni tó rà á. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi ẹ̀dà C of O ńlá kan tó kárí gbogbo ẹ́sítéètì sínú fáìlì yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tán lójú yín bẹ́ẹ̀. Orúkọ yín kò sí lórí rẹ̀. Ẹ bèèrè bí wọn yóò ṣe yọ ti ilé tiyín sọ́tọ̀, ẹni tí yóò san owó ìfọwọ́sí gómìnà, àti ìgbà tí ẹ ó gba díìdì, ìyẹn ìwé tí olùtajà fi gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Risíìtì nìkan jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ sanwó. Kò sọ yín di onílé pátápátá lójú òfin.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn wà tí ìjọba ti gbà nígbà kan rí, tí ó tún yọ apá kan padà fún àwọn ará abúlé, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ dára láti rà. Ṣùgbọ́n bí olùtajà bá ní gásẹ́ẹ̀tì “ń bọ̀ lọ́nà”, ohun tí ó ń sọ fún yín ni pé kò tíì sí. Ẹ sanwó fún sọ̀fíọ̀ tiyín, kì í ṣe ti olùtajà, kí ó lọ wọn ojú ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kí ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì sọ̀fíọ̀ àgbà ìjọba. Ní Èkó, Alausa ní Ìkẹjà ni. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Òkè-Mosàn ní Abẹ́òkúta ni ẹ ó ti bèèrè. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti sọ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sí inú èyí tí ìjọba fẹ́ lò. Lọ́yà yín náà yóò lọ wo ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ bóyá wọ́n ti fi ilé náà yáwó ní báńkì, tàbí bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Owó tí èyí yóò ná yín kéré púpọ̀ sí iye ilé.

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni ọjà náà. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìjẹ́ kí àwọn aṣáájú ẹ̀ka ẹbí mọ̀ sí i, wọ́n lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí ilé ẹjọ́ sì tú u ká. Ìdílé kan tí a mọ̀ ra ilé oníyàrá mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọkọ jẹ́ olùkọ́, ìyàwó ń ta aṣọ. Owó àjọ, owó ìfẹ̀yìntì àti ohun ọ̀ṣọ́ ìyàwó ni wọ́n pa pọ̀. Oṣù kẹsàn-án tí wọ́n wọ ilé náà ni ẹ̀ka ẹbí mìíràn gbé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kan dé, èyí tó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó bu yanrìn síbẹ̀. Akọ́lé-tà ti kúrò ní ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n tún ilẹ̀ náà rà lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ wọn àgbà sì jókòó sílé fún ọdún méjì kí ó tó padà sí yunifásítì. Bí wọ́n bá ti wo ìwé ní kóòtù àti ní ọ́fíìsì ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn ì bá ti mọ̀.

Wòlíì Jeremáyà ra oko ní Ánátótì lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀ ní ṣékélì fàdákà 17, nígbà tí ogun ti yí ìlú ká. Ìbátan ni olùtajà, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló sì rán an. Síbẹ̀ ó wọn owó náà lórí òṣùwọ̀n, ó pe ẹlẹ́rìí, ó buwọ́ lu ìwé, ó sì ṣe é ní ẹ̀dà méjì: ọ̀kan tí a dì pa àti ọ̀kan tí a ṣí sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kó o sínú ìkòkò amọ̀ kí ó lè pẹ́. Ẹ kò rí i pé ó ní, “Arákùnrin wa ni, ọ̀rọ̀ ìwé kò sí láàárín wa.” A ń sọ èyí nítorí pé nínú ìjọ gan-an ni àwọn kan ti máa ń tijú láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ ará.

Lẹ́yìn ìwé, ẹ wo ilẹ̀ àti omi. Ẹ má ṣe lọ wo ilé ní oṣù Kìíní nìkan, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan. Ẹ lọ ní ọjọ́ tí òjò rọ̀. Ẹ má ṣe bá ejẹ́ǹtì lọ nígbà yẹn. Ẹ bá ìyá tó ń ta ata ní ìkóríta àti ọlọ́kadà tó ń ná ọ̀nà náà sọ̀rọ̀, wọn yóò sọ ibi tí àgbàrá máa ń dé. Àgbàrá kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Ní 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wó ọ̀pọ̀ ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi ní agbègbè Ìkọ̀tá ní Lekki, ilé tí àwọn ènìyàn ti ń gbé pẹ̀lú ìdílé wọn. Ilẹ̀ irà tí wọ́n da yanrìn sí náà máa ń rọ̀ wálẹ̀; bí ìpìlẹ̀ kò bá bá a mu, ògiri yóò lanu. Bí kànga tàbí bọọhóòlù bá wà, ẹ wo bí ó ṣe jìnnà sí ṣalángá àti sọ́kàwé tó, àti ti aládùúgbò pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ ìlera fẹ́ kí ó tó mítà 30.

Ní ti ilé fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní oṣù Kẹta 2016, ilé alájà márùn-ún kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Lekki, ó sì pa ju ènìyàn 30 lọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá 2021, ilé alájà 21 wó lulẹ̀ ní Gerrard Road ní Ìkòyí, àwọn tó kú ju 40 lọ. Nítorí náà, ẹ bèèrè pùláànù tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ẹ sì ka iye àjà tó wà lórí ìwé, kí ẹ tún ka iye tó wà lójú yín. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ padà sílé. Ní Èkó, ẹ bèèrè ìwé ẹ̀rí pé ilé ti parí, ó sì yẹ fún gbígbé, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́. Ẹ mú ẹnjiníà tàbí ọ̀gá bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ lọ. Kí ó má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò gba owó lọ́wọ́ olùtajà.

Ẹ̀yin náà lè ṣe díẹ̀ fúnra yín. Ẹ wá ibi tí wọn kò tíì rẹ́, bí ẹ̀yìn ọgbà, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha búlọ́ọ̀kù. Bí ó bá ń dà bí yanrìn gbígbẹ, sìmẹ́ǹtì kò tó. Ẹ kan táìsì. Ibi tó ń dún gbọ̀ngbọ̀n kò lẹ̀. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì da omi sílẹ̀ ilé ìwẹ̀ kí ẹ rí ibi tí yóò ṣàn sí. Páànù aláràn-ánmẹ́níà tí nípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.55 lágbára ju 0.45 lọ, ẹ bèèrè èyí tí wọ́n lò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ẹ tún mọ̀ pé iye tí wọ́n pè kọ́ ni iye tí ẹ ó san. Owó ejẹ́ǹtì wà, ti lọ́yà wà, ti ìforúkọsílẹ̀ wà. Mítà iná, owó tí ẹ̀ ń dá fún tirafọ́ọ̀mà, irin ojú fèrèsé, owó ọdẹ àti owó ìtọ́jú ẹ́sítéètì tí ẹ ó máa san títí lọ, gbogbo rẹ̀ ń dúró dè yín. Láti 2016 ni òfin ti wà ní Èkó tó ka fífi ipá gba owó lọ́wọ́ akọ́lé sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn aládùúgbò bóyá àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ti gbọ́! Ẹni tí yóò yáwó nítorí ilé, tí kò sì ní ku owó oúnjẹ àti ti ilé ìwé ọmọ mọ́, a rò pé ó sàn kí ó tún san owó ilé fún onílé ní ọdún méjì sí i. Àwọn ọmọ wa ní London àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò láti bá wọn ra ilé, kí lọ́yà wọn máa gba owó náà fún olùtajà, kí orúkọ tiwọn sì wà lórí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé, ẹ má ṣe fòyà bí ilé bá ń sọ̀rọ̀. Kọnkéré máa ń gba ọjọ́ 28 kí ó tó ní agbára tí a ń retí, ògiri sì lè gba oṣù púpọ̀ kí omi ara rẹ̀ tó gbẹ. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun lórí ibi tí wọ́n rẹ́ kì í ṣe ewu. Èyí tí ó dá ìdágẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, tí ó gbà kí owó ẹyọ wọlé, tí ó sì hàn níta àti nínú, ẹ pe ẹnjiníà lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀dà bá ń ṣí ní ìsàlẹ̀ ògiri tí funfun bí iyọ̀ sì ń jáde, omi ilẹ̀ ló ń gòkè. Kíkun ọ̀dà mìíràn lé e jẹ́ ìnáwó lásán. Ilẹ̀kùn pákó lè wú nígbà òjò kí ó sì há. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn dé kí káfíńtà tó fá a.

Nítorí èyí, kí ẹ tó san owó ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé akọ́lé-tà yóò tún àbùkù ṣe láàárín oṣù 12, kí àkókò náà lè kó ìgbà òjò kan já. Bí ó bá gbà kí ẹ fi díẹ̀ nínú owó sílẹ̀ lọ́wọ́ lọ́yà títí di ìgbà náà, ẹ ṣe é. Ẹ fi ìwé kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó bá rí ibi tó ń jò kọ ọjọ́ àti yàrá sí i. Ní oṣù kọkànlá, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, ẹ gbé e lọ fún un, kí ó buwọ́ lu ọ̀kan fún yín.