Ikọ́ Tó Dé Lẹ́yìn Ìtànṣán: Ẹ Má Gbé E Lọ sí Kẹ́míìsì O!

Nínú àwọn ilé alájà tí Gómìnà Lateef Jakande kọ́ s'Ìsọlọ̀, tí wọ́n ń pè ní Jakande Estate títí dòní, bí ìyá kan bá ń gun àtẹ̀gùn tó wá dúró lágbede méjì, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n á ní àgbà ló dé, tàbí èéfín jẹnẹrétọ̀. Bó bá tún ń wúkọ́, ọmọ ẹ̀ á sáré lọ ra oògùn ikọ́. Kò burú fún ẹni tí òjò pa lánàá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé oṣù méjì sẹ́yìn ni ìyá náà parí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti kẹ́míìsì.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe àìsàn àjèjì. Òun ló pa gbajúmọ̀ agbẹjọ́rò nnì, Gani Fawehinmi, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009. Lára ohun tí àwọn dókítà fi ń bá a jà ni ìtànṣán alágbára tí òyìnbó ń pè ní rediothẹ́rápì. Wọ́n ń ṣe é l'Ékòó níbí: láti ọdún 2019 ni àjọ NSIA ti ìjọba àpapọ̀ àti ọsibítù LUTH ti jọ ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan n'Ídì-Àràbà. Ẹni tó bá ń ti Ìsọlọ̀ bọ̀, Mushin ló máa gbà débẹ̀.

Ìtànṣán yìí kì í dunni lásìkò tí wọ́n bá ń tàn án síni lára. Aláìsàn á dùbúlẹ̀, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó di ọ̀la. Àwọn mìíràn ń gbà á fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àmọ́ bó ṣe ń pa jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń kan ara tó dáa tó wà nítòsí, ẹ̀dọ̀fóró sì rọ̀ bíi kànrìnkànrìn. Ibi tí ìtànṣán gbà kọjá lè wá wú.

Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ rèé. Bí áyọ́ọ̀nù bá jó télọ̀ lọ́wọ́, lójú ẹsẹ̀ ló máa mọ̀. Ti ẹ̀dọ̀fóró kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù kan sí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ìtànṣán ti parí ló sábà máa ń yọjú, ó sì lè tó oṣù mẹ́fà. Nígbà yẹn, wọ́n ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kí wọ́n ti ṣe sàráà, ìyá ti padà sí ìsọ̀. Ta ló máa rántí ìtànṣán?

Ikọ́ gbígbẹ ni, èémí á máa já, ara lè gbóná díẹ̀, àyà lè máa dunni. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gba ìtànṣán ló ń ṣe. Nínú èèyàn 10, ó lè mú ẹyọ kan, ó lè mú méjì tàbí mẹ́ta, pàápàá àwọn tó gba oògùn jẹjẹrẹ pọ̀ mọ́ ìtànṣán. Àwọn tí wọ́n tan ìtànṣán sí láyà nítorí jẹjẹrẹ ọmú náà lè ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, orúkọ tí wọ́n máa fún un ládùúgbò pọ̀: ibà, òtútù àyà, ikọ́ ife, ọwọ́ ayé. Èyí tó burú jù ni “jẹjẹrẹ yẹn ti padà.” Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ láìyẹ aláìsàn wò ti ń sìnkú ẹni tó ṣì wà láàyè.

Dókítà náà kò ní fojú lásán mọ̀ ọ́n. Á béèrè ọjọ́ tí ìtànṣán parí, á ya fọ́tò àyà tàbí kó fi ẹ̀rọ síkáànù wò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tó wú máa ń tẹ̀lé ọ̀nà tí ìtànṣán gbà, etí ẹ̀ á gún bí ìgbà tí káfíńtà fi rúlà fàlà. Òtútù àyà kì í tẹ̀lé rúlà. Síbẹ̀, wọ́n ní láti yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò fún ikọ́ ife, torí pé oògùn tó ń wo ẹ̀dọ̀fóró wíwú lè mú kí ikọ́ ife gbilẹ̀.

Prednisolone loògùn ọ̀hún. Ọjà mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun làwọn obìnrin kan ń gbé mì kí wọ́n lè sanra, ó mà ṣe o! Ẹni tó wú díẹ̀ lè má nílò ẹ̀ rárá, wọ́n á kàn máa ṣọ́ ọ. Ẹni tí èémí ẹ̀ ń já máa lò ó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, dókítà á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bó bá fúnra ẹ̀ dá a dúró lójijì torí pé ara ti yá, wíwú náà lè padà, ara sì lè dákú. Oògùn yìí tún máa ń lé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Kápúsù tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, kòkòrò ló ń pa. Níbi tí kò bá sí kòkòrò, owó lásán ni.

Bí wọ́n bá tètè ṣe é, ọ̀pọ̀ ló ń gbádùn. Ó lè fi àpá sílẹ̀, tí èémí kò ní gùn tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Sìgá kò gbọ́dọ̀ sí nílé náà o.

Ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀ tán láìdúró mí, kí wọ́n má dúró dilẹ̀ mọ́. Jẹ́nẹ́rà Ọsibítù Ìsọlọ̀ wà nítòsí, kí wọ́n gbé e lọ lóru ọjọ́ náà. Ìwé ìtọ́jú ìtànṣán ni kí ọmọ mú dání, kó sì sọ ọjọ́ tó parí fún dókítà kí wọ́n tó béèrè.