Ó Pé 40 Ọdún: Nduka Odizor, Ẹ Kú Oríire!

Ẹ bá wa yọ̀ o, ẹ̀yin ará Alákijà, Festac àti gbogbo Amuwo-Ọ̀dọ̀fin tí ẹ fẹ́ràn tẹ́níìsì! Oṣù Kẹfà ọdún 2023 ló pé 40 ọdún tí Nduka Odizor, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, ṣe bẹbẹ ní Wimbledon.

Guillermo Vilas ará Ajẹntínà ni wọ́n fi kò ó lójú ní ìpele kìíní lọ́dún 1983. Ipò kẹrin ni wọ́n to Vilas sí nínú ìdíje náà. Wọn ò to Odizor sí ipò kankan. Vilas gba sẹ́ẹ̀tì kìíní, ó gba ìkejì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń túúbá. Odizor kọ̀! Ó gba ìkẹta, 7-6. Ó gba ìkẹrin, 7-5. Ìkarùn-ún ńkọ́? 6-2! Kò dúró níbẹ̀, ó dé ìpele kẹrin, láàárín àwọn 16 tó ṣẹ́kù, kí Chris Lewis ará New Zealand tó dá a dúró, Lewis tó rìn títí dé àṣekágbá lọ́dún náà.

Àgbà ọ̀jẹ̀ Odizor, ẹ ṣeun fún wa. Lọ́dún 1988 tí tẹ́níìsì padà di eré tí wọ́n ń gba àmì ẹ̀yẹ fún ní Òlíḿpíìkì, ẹ̀yin àti Tony Mmoh ló wọṣọ Nàìjíríà ní Seoul. Oṣù Kìíní ọdún 2023, Michael ọmọ Mmoh, tó ń gbá fún Amẹ́ríkà, na Alexander Zverev ní ìdíje tẹ́níìsì Melbourne. Tiwa náà ni!

Ó sì yẹ kí n kí àwa òǹwòran, nítorí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló gba tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò wa. Aago pẹ̀lú ń dà wá láàmú: ìdíje Melbourne ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí aago kan òru ń lù níbí. Eré alẹ́ ti New York sì ń di ọ̀gànjọ́ níbí. Wimbledon ló rọ̀ wá lọ́rùn jù: lásìkò yẹn, aago Lọ́ńdọ̀nù àti aago Èkó dọ́gba. Láti ọdún 2009 tí wọ́n ti fi òrùlé sí pápá ńlá wọn, òjò kò dá eré ibẹ̀ dúró mọ́, ṣùgbọ́n òjò Alákijà ṣì lè gba àwòrán mọ́ wa lójú. A ó jókòó dè é. Àwọn ọmọdé á máa béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ka 15, 30, 40, tí wọn kì í ka 45. Ẹ dá wọn lóhùn pé ẹni tó bá ti dé 40, ó lè jẹ́ ẹyọ kan péré ló kù kó gba géèmù!

Bí Wimbledon bá ti ń sún mọ́lé, ẹ tètè ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ẹ pe ará ilé jọ. Nduka Odizor, ẹ ó pẹ́ fún wa nínú ìlera, ẹ ó sì fojú yín rí ọmọ Nàìjíríà tí yóò kọjá ìpele kẹrin. Ẹ kú oríire o!