Ẹ̀wà Àtijọ́ àti Ẹ̀wà Tuntun Nínú Ìkòkò Kan

 

Ọ̀rọ̀ iná ni a ó sọ ní oṣù yìí, ṣùgbọ́n inú ilé ìdáná ni mo fẹ́ gbà wọ inú rẹ̀. Èwo nínú wa ni kò mọ̀ pé a kì í da ẹ̀wà tí ó ti pẹ́ nínú àpò pọ̀ mọ́ ẹ̀wà tuntun kí a sì sè wọ́n pọ̀? Bí a bá dúró kí èyí tí ó ti gbó rọ̀, tuntun á ti fọ́ jáńjálá. Bí a bá sì torí tuntun sọ ìkòkò kalẹ̀, ògbólógbòó á máa ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní irú nǹkan báyìí lójoojúmọ́ ni mo wá se irú àdàlú bẹ́ẹ̀ nínú ilé ara mi, owó àjọ mi ni mo sì fi se é.

Ní ọdún 2021, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ra bátìrì olómi méjì, fóòtì 12 àti 200Ah ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. A so wọ́n pọ̀ di fóòtì 24 fún ẹ̀rọ ínfátà, a sì fi pánẹ́ẹ̀lì sólà sí orí òrùlé. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà kọjá 480 náírà, a kò lè tan jẹnẹrétọ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Bátìrì méjèèjì ni ó wá ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Nígbà tí ó fi di ọdún 2024, wọn kò lè gbé wa di òwúrọ̀ mọ́. Bí aago méjì òru bá ti lù, ínfátà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, fáànù á dúró, ọmọ ọwọ́ á sì jí. Ẹni tí ó bá ti tọ́ ọmọ ọwọ́ nínú ooru oṣù Kẹta mọ ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tí mo kó àjọ, mo ra bátìrì méjì sí i. Irú ti àkọ́kọ́ kò sí lọ́jà ní ọjọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ṣe èyí tí mo rí, owó rẹ̀ sì dín díẹ̀. Mo bi ọmọkùnrin tí ó ń bá wa ṣe iná bóyá kò léwu. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Bátìrì ni gbogbo wọn ń jẹ́." Ó tilẹ̀ so ògbólógbòó kan mọ́ tuntun kan ní apá kọ̀ọ̀kan, ó ní kí alágbára lè máa ran aláìlera lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi, ó jọ ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a bá so bátìrì méjì tẹ̀lé ara wọn di fóòtì 24, iná kan náà ni ó ń gba inú àwọn méjèèjì kọjá. Ẹ̀rọ tí ó ń rọ iná sí wọn kò mọ èwo ni ògbólógbòó, àpapọ̀ wọn nìkan ni ó ń rí. Ká ní ó fẹ́ gbé wọn dé fóòtì 28.8, ìyẹn 14.4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ògbólógbòó tí inú rẹ̀ ti kéré á tètè yó, á sì fò dé 15.5, tuntun tí inú rẹ̀ ṣì tóbi á wà ní 13.3. Ẹ ro wọ́n pọ̀, 28.8 náà ni. Ẹ̀rọ á ní iṣẹ́ ti parí. Bẹ́ẹ̀, èyí tí ó ti yó ń hó, omi rẹ̀ sì ń gbẹ, nígbà tí èyí tí ebi ń pa kò yó rárá. Bátìrì olómi tí kì í yó, nǹkan funfun kan bí iyọ̀ á máa le mọ́ òjé inú rẹ̀, títí kò fi ní lè gba iná dáadáa mọ́. Bí alẹ́ bá sì lẹ́, ògbólógbòó ni yóò kọ́kọ́ gbẹ. Ínfátà á kú, nígbà tí iná ṣì kù nínú tuntun.

Mo rí àmì rẹ̀, n kò kà á sí. Omi bátìrì tí à ń bu sí méjì nínú wọn wá pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ara wọn gbóná, òórùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́ sì ń ti ibẹ̀ jáde. Kí oṣù mẹ́jọ tó pé, bátìrì tuntun mi méjèèjì ti di arúgbó.

Ẹlòmíràn lè ní bí gbogbo wọn bá jẹ́ tuntun ńkọ́, tí ó kàn jẹ́ pé orúkọ ilé-iṣẹ́ ni ó yàtọ̀? Èyí sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dára tó. Bí a bá tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, èyí tí iná rọrùn fún láti gba inú rẹ̀ jáde ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù, òun ni yóò sì kọ́kọ́ rẹ̀. Ti pé ẹ̀yà wọn yàtọ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Olómi lè fẹ́ fóòtì 14.4, kí jẹ́ẹ̀lì fẹ́ nǹkan bí 14.1, ẹyọ ìlànà kan ṣoṣo sì ni a lè fún ẹ̀rọ. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí ó ti yó máa ń sinmi ní nǹkan bí 13.3, olómi ní nǹkan bí 12.7, bí a bá so wọ́n pọ̀, lítíọ́ọ̀mù á máa da iná rẹ̀ sínú olómi tọ̀sán-tòru. Kódà lítíọ́ọ̀mù méjì láti ilé-iṣẹ́ méjì lè má gbọ́ èdè ara wọn, nítorí pé ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ó ń ṣọ́ ọ.

Ẹni tí yóò bá fi kún bátìrì rẹ̀, kí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà, ẹ̀yà kan náà, ìwọ̀n kan náà. Bí ó bá jẹ́ olómi, kí ti àkọ́kọ́ má tíì pé ọdún kan. Bí ó bá ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tọ́jú owó náà títí yóò fi tó ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sì ra mítà kékeré, kò wọ́n. Ní ọ̀sán tí oòrùn bá mú, ẹ ní kí oníná fi kan bátìrì kọ̀ọ̀kan lójú yín. Bí méjì tí a so tẹ̀lé ara wọn bá fi ju ìdajì fóòtì kan lọ yàtọ̀ síra, ẹ má fi falẹ̀.

Ohun tí ó ká mi lára jù ni pé n kò tilẹ̀ ṣe ìṣirò kí n tó náwó. Bátìrì méjì àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tí ara wọn le, wáàtì-wákàtí 4,800 ni wọ́n ń gbà, ìdajì rẹ̀ ni ó sì yẹ kí a máa lò kí wọ́n lè pẹ́, ìyẹn 2,400. Fáànù méjì fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 960. Fíríìjì fún wákàtí mẹ́wàá tó 500. Gílóòbù márùn-ún jẹ́ 225. Àpapọ̀ rẹ̀ kò dé 1,700. Áyọ́ọ̀nù tí à ń fi lọ aṣọ ilé-ìwé àti aṣọ iṣẹ́ lálẹ́ ni ó ń jẹ ìyókù: ìdajì wákàtí péré, 500 ti lọ.

A ti yọ àwọn ògbólógbòó. A gbé wọn fún ẹni tí ó ń rà wọ́n ní odidi, tí kì í da ásíìdì wọn sílẹ̀ lójú pópó, nítorí pé òjé inú wọn a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Àwọn méjì yòókù ni a so mọ́ ara wọn, wọ́n sì ń gbé wa dé aago márùn-ún ìdájí. Nígbà tí mo fi ìṣirò náà han bàbá àwọn ọmọ mi, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn dìde, ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò ní yàrá, ó sì ní láti ìsinsìnyí lọ, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni òun yóò máa lọ aṣọ òun.